Ọ̀tún Gbọ́, Òsì Ò Gbọ́

Gàníyù fi í rán awakọ̀ kan láti Kàdúná.
Ó fi ọ̀rá dúdú wé e, ó fi sẹ̀lótéèpù dì í pinpin.
Mo tú u títí, mo rò pé wúrà ni.
Ohun tó jáde ò tó ẹ̀kọ ẹyọ kan:
ìkòkò funfun kékeré, ó lọ́mọrí,
ọmọrí ọ̀hún sì ń dé ara rẹ̀, pá!
Èmi tí mo ti ń mọ ìkòkò ní Dada, l'Ókèlélé,
láti ìgbà tí eyín iwájú mi ò tíì hù padà,
mi ò mọ irú ọmọrí yẹn rí.

Ìbejì ló sùn sínú rẹ̀, kálukú lórí ẹní tirẹ̀.
"Ìyá, ẹ fi wọ́n há etí, kí ẹ máa báṣẹ́ yín lọ,
kí amọ̀ má baà tún ba fóònù jẹ́."
Òótọ́ ló sọ. Fóònù mẹ́ta ni amọ̀ ti pa mọ́ mi lọ́wọ́.

Kúdírá, ọmọ alájọgbé wa, ló bá mi wá bulutúùtù.
Ó dán an wò lórí fóònù tirẹ̀ ná,
kó tó wá gbé e bọ́ sórí tèmi.
Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, pupa, funfun, pupa, funfun,
bí ẹni tí yẹ̀pẹ̀ kó sí lójú.
Ó tẹ orúkọ kan tí kì í ṣe orúkọ ènìyàn.
Obìnrin kan bá sọ òyìnbó sí mi létí ọ̀tún.
Mo dá a lóhùn, mo ní ẹ ṣé o.
Kúdírá rẹ́rìn-ín títí, ó fìdí lé ìkòkò tútù.
Ìkòkò wọlẹ̀.

Etí òsì dákẹ́ ní tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Gàníyù ń sọ̀rọ̀ iyàwó tó fẹ́ fẹ́,
ó kù díẹ̀ kó dárúkọ ilé ọmọ náà,
orin gba ẹnu rẹ̀.
Kúdírá ló ń kọjá lọ síbi kànga, fóònù lápò.
Bí ewúrẹ́ tó rántí ilé tó ti kọ́kọ́ jẹ èèpo iṣu,
yíàpíìsì mi ti tẹ̀lé e lọ.
Ọmọ náà gbé fóònù rẹ̀, ó tẹ "gbàgbé", ó parí.
Mo ní, ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyẹn?

Ṣùgbọ́n òsì ṣì ń wò mí ṣáá.
A dá wọn padà sínú ilé wọn, a pa ìlẹ̀kùn dé,
a ka oókan títí dé ogún, a tún wọn mú jáde,
ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò gbọ́.
Ọmọkùnrin kan ní Taiwo Road ní kí n mú
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ wá, kí òun tó fojú kàn án.
Mo yíjú padà sílé.

Mo gbé e sóòrùn, mo wo ìdí ẹní wọn.
Eyín wúrà tíntìntín kan wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu iná.
Ti ọ̀tún ń dán.
Ti òsì, ẹ̀kúnná amọ̀ ti bò ó,
amọ̀ mi, tí ọwọ́ mi fi síbẹ̀.
Ẹ ò rí i, gbogbo òru ni ọ̀kan ń mu ọmú,
tí èkejì kàn gbẹ́nu lé e.

Mi ò fi omi kàn án. Omi tó ń tún amọ̀ ṣe, ikú nirú eléyìí ló jẹ́ fún.
Mo fi òwú wé orí ìgbálẹ̀, mo fi rà á díẹ̀díẹ̀,
bí mo ṣe ń nu ojú ọmọ tuntun.

Ní ìrọ̀lẹ́, Gàníyù pè. Mo gbọ́ ọ ní méjèèjì.
Kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ń mí.
Àtìgbà tí mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn mi,
èémí rẹ̀ ò súnmọ́ mi tó báyìí.
Mo ní, "Imú rẹ dí. O tún ti ń sùn sábẹ́ fáànù."
Ó ní rárá o, ìyá, òun ti jáwọ́ níbẹ̀.
Ọwọ́ mi wà nínú amọ̀, mi ò dá a dúró.
Irọ́ ló ń pa.
Mo ń gbọ́ fáànù ọ̀hún, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀,
létí òsì.