Alẹ́ Kẹta Ìdánwò

Ní gbọ̀ngàn ìlú, Ìjẹ̀bú-Igbó,
wọ́n jí eré wa dìde lẹ́yìn ogójì ọdún.
Káfíńtà ṣì ń kan ìṣó
mọ́ odò tí wọ́n fi pákó ṣe.
Mo jókòó sẹ́yìn, mo mú bírò dání;
Ṣóbándé ní kí n wá wo ibi tó kù sí.

Ibi tó kù sí! Mo ti kọ mẹ́tàlá
kí jẹnẹrétọ̀ tó kọ́kọ́ kú.
Ìlù ń sáré fi ẹsẹ̀ oníjó sílẹ̀.
Fẹ̀hìntọlá, tó gba ipò mi,
gbé orin ìdágbére ga jù: ohùn já.
Ó bú sẹ́rìn-ín, ó tún un gbé.

Àwa kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. Ẹkún là ń sun.
Àbí Adétóún ló ń sunkún,
tí èmi ń wá bàtà mi kan?

Ìyá mi kì í jẹ́ ká ti ọmọrogùn bọ ìkọ́kọrẹ́
tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí iná.
"Ẹ fi sílẹ̀, kó dì ná."

Jẹnẹrétọ̀ tún kú.
Ọmọ náà ò dúró. Ó ń kọ ọ́ lọ nínú òkùnkùn,
ó sì kọjá ibi tó ti já.

Ṣóbándé bèèrè ìwé.
Mo ti jókòó lé e.
"Bírò mi gbẹ," ni mo wí.