Irin Tó Ṣeé Yọ

Nígbà tí mo ti Kùtọnu dé sí Ṣábẹ̀ẹ́,
ojú Yẹyé Orúkọtán ni mo kọ́kọ́ rí:
ó pọ́n bí ẹyìn.
Igi ayín ló ṣe é, igi ayín àti ogójì ọdún
tó fi ń fẹ́ná nídìí ìkòkò ọtí bàbà.
Ó ní, "Èéfín kì í pa ẹni tó mọ̀ ọ́n."
Mo ní, "Kì í pa á, Yẹyé. Ojú rẹ̀ ló ń gbà."

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ wáyà.
Ọ̀gá mi Bonifáàsì kò fún mi níwèé ẹ̀rí,
ẹ̀mú kan ló fún mi, tí eyín rẹ̀ ti ká.
Mo mú un lọ sí ìdí àlòkù lẹ́bàá ojú irin,
níbi tí koríko ti ń jẹ ọ̀nà rélùwéè díẹ̀díẹ̀.
Mo rí irin kan tó ti ń se omi nílé olówó rí,
irin lílọ́ bí ìfun ewúrẹ́.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sefà, ni wọ́n wí.
A yọwó títí, ó di ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀.

N kò lu ìkòkò náà.
Ìyá ọkọ Yẹyé ló fi í lé e lọ́wọ́;
ta ní ń dá ihò sí ikùn ìyá ẹni?
Mo tẹ páìpù bí ìwọ̀ ẹja
kí ó fọrùn kọ́ etí ìkòkò,
kí ìfun rẹ̀ rì sísàlẹ̀.
Kò lẹ̀ mọ́ ọn, kò bá a mulẹ̀.
Bí iṣẹ́ bá tán, ẹ fà á yọ,
ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹní fọ ṣíbí.

Wáyà mẹ́ta:
pupa ń gbé iná lọ, dúdú ń gbé e bọ̀,
aláwọ̀ ewé ò ṣe nǹkan kan láyé
ju pé ó ń dúró de ọjọ́ burúkú.
Yẹyé tọ́ka sí i. "Kí lèyí ń jẹ́?"
"Ilẹ̀ ni."
Ó mi orí. "Ó dáa. Ohun tí kò bá mọ ilẹ̀ á pààyàn."

Ọjọ́ kìn-ín-ní, ó jóná.
Mo gbàgbé pé ọtí bàbà kì í ṣe omi:
ìyẹ̀fun jókòó lé irin lórí, ó di èédú.
Yẹyé tọ́ ọ wò, ó tu ú nù, kò bú mi.
Ó na ọmọrogùn sí mi: "Iná rẹ ò gbọ́n. Rò ó."
Mo rò ó títí apá mi fi kú.

Ọjọ́ kejì, mo dín agbára irin náà kù sí ìdajì.
Ọtí jinná, kò sẹ́ni tó sunkún.
Àmọ́ Bàbá Ṣàbí, bíríkìlà tí í mu igbá mẹ́ta,
gbé igbá kan sẹ́nu, ó gbé e sọ̀kalẹ̀:
"Ọtí yìí mọ́ jù.
Ó dà bí ẹni tó wẹ̀ kó tó lọ sóko."

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, iná lọ.
Ọ̀yẹ́ ń bọ̀ láti orí òkè tó dà bí ọmú.
Mo jókòó nínú òkùnkùn, ojú ń tì mí.
Yẹyé kò wò mí.
Ó fa irin náà yọ, ó gbọ̀n ọ́n,
ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri,
ó ti igi bọ ìdí ìkòkò,
ìdí dúdú kan náà.
Ó fẹ́ ẹ, ó húkọ́.
"Ṣebí ìwọ lo ní ó ṣeé yọ?
Ohun tó dára nínú rẹ̀ nìyẹn."

Mo ti rò pé nítorí fífọ̀ ni.

Báyìí, irin ló ń se àkọ́sè,
igi ló ń se àṣekẹ́yìn, nítorí Bàbá Ṣàbí.
Ojú Yẹyé ṣì pọ́n, n kò ní purọ́.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí
ó tẹ̀ ba àpò tí a sá bàbà sí,
ó ń ka èyí tó ti hù,
hóró kan, hóró kan,
kò bi mí.
Lára ògiri, irin náà ń kán omi.