Náírà Méjìdínlógún

Inú agolo bisikíìtì ni mo ti rí ìwé náà,
ní Làfíàjì, lẹ́yìn ogójì ọjọ́ bàámi:
ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìpín
nínú Ilé-iṣẹ́ Abọ́ Tánganran, Ìlúpéjú.
Òǹtẹ̀ ti ṣá. Ikán ti tọ́ etí rẹ̀ kan wò.
Orúkọ nìkan ló ṣì dúdú: Mùdáṣírù Ẹgbẹ́yẹmí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tà á. Náírà méjìdínlógún ni ọjà ń pè é.
Ó ti wà ní ọgbọ̀n rí. Ó ti kú."
Àbúrò mi ní, "Má tà á. Ó ti wà ní mẹ́sàn-án rí. Ó ń jí."
Mo gbé agolo, mo gba Òpópó Bírọ́ọ̀dù lọ,
mo gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ Alàgbà Ṣólékè,
ẹni tó ti ń ṣe akọ̀wé fún alágbàtà ìpín
láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ẹfun kọ iye owó sára pátákó.

Kò wo ìwé. Èmi ló wò.
"Méjìdínlógún," ó ní, "ẹnu lásán ni.
Èló ni ìpín kan pa lérè lésìí?"
Náírà kan àtààbọ̀.
"Fi pín in." Mo fi pín in. Méjìlá.
"Ọdún méjìlá nìyẹn, bí èrè kò bá yẹsẹ̀,
kí owó rẹ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé.
Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Màrínà, gíláàsì ni láti òkè délẹ̀,
ogójì ọdún ni wọ́n ní kí o dúró,
àwọn èèyàn sì ń tò.
Ìrètí ni wọ́n ń rà.
Èmi náà ti rà á rí. Wo bàtà mi."

Ó fi ahọ́n kan ẹnu pẹ́ńsù.
"Wàyí o, ká ní wọ́n ta gbogbo rẹ̀ lónìí,
ilẹ̀, òrùlé, iná ìléru, ọkọ̀ akẹ́rù,
kí wọ́n san ti báńkì, kí wọ́n san ti òṣìṣẹ́,
èló ni yóò kan ìpín kan?"
Ìwé ìṣirò ní mẹ́rìnlélógún.
"Ohun tó tó náírà kan,
kọ́bọ̀ márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n ń tà á fún ọ."
Inú mi dùn. Ọ̀pọ̀ rèé!
Ó gbójú sókè. "Ọ̀pọ̀, àbí òkú ọjà?
Ìwé kì í dógùn-ún. Irin a máa dógùn-ún.
Ta ló lọ wo iná ìléru?"

Ní Tọ́sìdeè, mo kọjá afárá.
Mo dúró ní òdìkejì géètì wọn, mo ń jẹ ẹ̀pà,
mo ń ka ọkọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí:
mẹ́sàn-án jáde. Méjì ṣófo.
Ọ̀pá èéfín kan ń rú.
Lékeléke ti tẹ́ ìtẹ́ sórí èkejì.
Sàláwù tó ń ṣọ́ géètì ní ó ti kú láti òjò èṣí,
pé ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní Àpápá, nínú àpótí,
pé wọ́n ní ọ̀la. Ọ̀la ni wọ́n máa ń wí.

Alàgbà gbọ́ iye ọkọ̀, ó gbọ́ ti lékeléke.
Ó pa mẹ́rìnlélógún rẹ́, ó kọ ogún,
ó pa ìyẹn náà rẹ́,
ó kọ mọ́kàndínlógún, kò sì fà á nílẹ̀.
"Èrè tí wọ́n ń pín ńkọ́?"
Àádọ́rùn-ún kọ́bọ̀.
"Náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún. Kò sanra. Ṣé ó ń dé?"
Mo rántí bàámi lóṣù Òkúdù,
fìlà lórí, ó ń bọ̀ láti báńkì
pẹ̀lú ẹja ọ̀bọ̀kún nínú ìwé ìròyìn,
kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè.
"Ó ń dé, sà."

Mo ta ẹgbẹ̀rún kan, nítorí ẹ̀gbọ́n mi.
Ìyókù wà nínú agolo.
Lálẹ́, mo dojú abọ́ ńlá wa dé,
èyí funfun tó ní etí búlúù, tí bàámi rà kí wọ́n tó bí mi.
Òǹtẹ̀ Ìlúpéjú ló wà nídìí rẹ̀.
Ó ti ha níbi méjì. Kò tíì jò.
Mo bu ẹ̀bà sí i.
Alàgbà kò sọ ohun tí mo máa fi pín ìyẹn.