Ìwé Tútù, Ìwé Gbígbẹ

Ogójì ọdún ni Alcide Pelletier fi ṣe ìwé
ní Lisgar, lápá àríwá Maine,
kò ka ẹyọ kan.
Ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì jẹ́ ẹ̀kọ igi nínú ìkòkò irin,
ó lè fi àtàǹpàkò sọ bó ṣe nípọn tó.
Ohun tí ayé ń kọ sí i lára tó bá ti kúrò nílé-iṣẹ́,
ìyẹn ò sí nínú owó oṣù rẹ̀.

Ọdún kẹta tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa,
nínú oṣù Èrèlé, tí yìnyín ga dé ojú fèrèsé,
ó wọ ilé ìkàwé tí mò ń tọ́jú.
Ó wá yáná ni, mi ò ní purọ́ fún yín.
Ó bọ́ fìlà. "Thirza, kí ni àgbàlagbà fi ń bẹ̀rẹ̀?"

Mo mú ìtàn kan fún un lórí pẹpẹ àwọn tó gbàmì-ẹ̀yẹ.
Ó fi èékánná ha òǹtẹ̀ wúrà ara rẹ̀ títí ó fi bọ́.
Mo fẹ́ bínú; ohun ìní ìlú ni.
Ó ní, "Mo fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀."
Ó gbé abala kan sókè síná, ó gbóòórùn rẹ̀:
"Ìwé gidi. Kì í ṣe tiwa."
Ìgbà yẹn ló tó jókòó.

Ọjọ́ mọ́kànlá. Ètè rẹ̀ ń mì bí ètè ọmọ tó ń kọ́ àdúrà.
Obìnrin kan ló wà nínú ìtàn náà, létí aṣálẹ̀
tí Alcide ò lè tọ́ka sí lórí àwòrán ayé.
Ó ń pọn omi, ó ń sin ọkọ tí kò fẹ́ràn,
ewúrẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ń kú lọ.
Nígbà tó dá ìwé padà, kò wò mí lójú.
"Ewúrẹ́ yẹn," ló wí, ó sì dákẹ́.
Ó pẹ́ kó tó fi kún un:
"Mo rò pé àwa nìkan la mọ bí nǹkan ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀."

Ọdún kọ̀ọ̀kan ni mò ń ra ìwé olóǹtẹ̀ wúrà.
Àwọn kan nínú wọn ń sùn lórí pẹpẹ, eruku ni aṣọ wọn.
Àwọn onídàájọ́ ń ṣì í, bí gbogbo wa.
Ṣùgbọ́n ta ni ì bá júwe ọ̀nà ilé obìnrin yẹn fún mi?

Ẹ sì wo Corinne, ọmọ Daigle tó ń tún táyà ṣe.
Ó fi ọdún mẹ́ta ka sàréè,
ó ka ohun tí ilé-iṣẹ́ ń dà sódò,
ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa, òwúrọ̀ méje léra.
Alcide fi gbogbo rẹ̀ dáná.
Ẹni tó tutọ́ sí gíláàsì mọ́tò rẹ̀ nínú oṣù Ọ̀wàrà,
òun ló ra òdòdó fún un nínú oṣù Ẹ̀bìbí
tí àmì-ẹ̀yẹ dé láti ìlú ńlá.
Kò tíì kà á di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Èmi fi rọ́bà di méjèèje pa mọ́.
Mo kó wọn síwájú Alcide ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.
Nínú ìkẹrin ló ti bá a pàdé:
Rosilda Pelletier, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta,
tó máa ń fi orin pe ológbò rẹ̀ wọlé.
"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ológbò fún un?"
Mi ò dáhùn.
"Èmi ni. Lórí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà.
Mo rò pé kò gbọ́."

Ojú lọ̀rọ̀ wà; mo gbé tèmi kúrò lójú rẹ̀,
mo ń to káàdì tí mo ti tò tẹ́lẹ̀.
Ó gbé ìwé ìròyìn náà sókè síná,
ó fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ wò, ó gbóòórùn rẹ̀.
"Tiwa nìyí," ló wí. "Ìlà kejì, iṣẹ́ òru.
Ọwọ́ mi ló ti jáde."