Ará Ilé Lójú Pópó

"Ọ̀kún o," ló wí, ó sì dúró,
ó fọwọ́ ti ògiri yàrá àyẹ̀wò,
ó ń wá èémí bí ẹni ń wá kọ́bọ̀ tó bọ́ sínú koríko.
Ọ̀kadà ló gùn láti Ìyàmoyè wá sí Kábbà,
Bàbá Ọlọ́runnípa, asunèédú.
Àga mi kò ga,
síbẹ̀ ó jókòó bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Mo so rọ́bà mọ́ ọn lápá.
Iṣan sá. Mo fìka lù ú, ó yọjú.
Ẹ̀jẹ̀ tó dúdú ju bó ṣe yẹ lọ
rọra wọnú ìgò tí kò tó ìka ọmọdé.
"Ṣé ibẹ̀ ni èéfín náà wà?" ló bi mí.
Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni.

Ẹ̀rọ yí i, yí i, títí pupa fi rọlẹ̀
tí omi ẹ̀jẹ̀ lékè, bí oyin tí a bomi là.
Ibẹ̀ ni mo ti ń wá àwọn ẹ́ńsáìmù,
òṣìṣẹ́ tí ojú kì í rí:
a ó gbéṣẹ́ fún wọn, a ó wo aago,
iṣẹ́ ọwọ́ wọn la fi ń mọ̀ wọ́n.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú ẹran ara ni yàrá wọn.
Lónìí mo bá wọn lójú pópó ẹ̀jẹ̀, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ.
Ará ilé kì í dédé sùn síta.
Òrùlé ló jò, tàbí ògiri ló lanu.

Àwọn kan sì rèé, panápaná inú ara,
tí ń pa ẹyín iná kó tó ràn mọ́ ilé.
Mo gbéṣẹ́ fún wọn. Aago ń lọ.
Ọwọ́ wọn falẹ̀ bí ọwọ́ alágbàṣe tí a kò sanwó fún
(bí tèmi náà, kí n má purọ́, nígbà tí owó oṣù kò wọlé).

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń bo igi mọ́ erùpẹ̀,
tó ń ṣọ́ ọ lóru nínú ọyẹ́
kó má baà gbiná, kó máa jó láìyọ ahọ́n.
Ta ni yóò sọ fún un
pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe bo àyà rẹ̀?

"Kí ló wí?"
"Dókítà ni yóò kà á fún yín, Bàbá."
"Èmi náà ń kàwé, èéfín ni ìwé mi.
Bó bá funfun, omi ṣì wà nínú igi.
Bó bá di búlúù, ó ti jinná.
Ṣáà sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi."

Mo gbé ìgò náà sókè síhà fèrèsé.
"Funfun ni, Bàbá. Omi ṣì wà nínú igi."

Ó wò mí títí.
Ó ní, "O ò tíì sun èédú rí."