Omi Ìdí Àpò

Àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́rin ló wà lábẹ́ òkúta ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlápòrù.
Omi tó ń jò nídìí wọn funfun bí omidùn,
òórùn rẹ̀ a máa bá aṣọ sùn.
Nínú omi yẹn ni mo ti bu ṣíbí kan,
mo dà á sínú ìgò oògùn ikọ́ tí mo ti sè lómi gbígbóná,
mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ títí dé Agọ́-Ìwòyè.
Ìyá mi ní, "Ṣé omi ìdọ̀tí yìí náà lo wá gbà?"
Mo ní òun ni.
Ó ní owó ilé-ẹ̀kọ́ tí òun san mà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀dá kan wà nínú omi náà tí ojú kò tó.
Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè tò sórí èékánná, kó má kún.
Wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́ kó tó kàn wá,
wọ́n sì ní ọ̀bẹ kan tí wọ́n fi ń gé májèlé
tí ẹ̀gẹ́ fi pamọ́ sára nítorí òkété.
Ọ̀bẹ náà kú díẹ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń gé e.
Èmi fẹ́ pọ́n ọn.

Lẹ́tà ni mo fi pọ́n ọn.
Ìwé kan wà nínú ẹ̀dá náà, lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́
láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.
Mo yọ ọ̀kan, mo fi òmíràn rọ́pò.
Ẹni tó bá ti fẹ́ kọ "ọkọ" rí, tó lọ kọ "ọkọ́,"
á mọ ohun tí mo ń wí:
àmì kékeré kan, baálé ilé di irin oko.

Igba ìgbà ni mo pa á dà, ó sì lé.
Òmíràn kọ̀, kò gé nǹkan kan.
Òmíràn ń gé, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti kàn án
á ká jọ bí ọ̀rá tó sún mọ́ iná.
Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò ní epo,
Ọ̀gbẹ́ni Onàfúwà kó àwọn àwo mi, ó sáré lọ sí Orù,
ó kì wọ́n sáàárín ẹja dídì.
Àwọn ẹja náà ló gba iṣẹ́ ọdún méjì là.

Nọ́ńbà mẹ́tàléláàádọ́jọ ló gbọ́ràn.
Àárọ̀ ni mo dà á sí ẹ̀gẹ́ rírin.
Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́,
bébà tí májèlé máa ń kùn ní pupa, kò pupa.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò pariwo.

Mo yan án ní gààrí, mo gbé kóńgò kan lọ sílé.
Ìyá mi bu omi tútù sí i, kò fi ṣúgà, kò fi ẹ̀pà.
Ó mu ṣíbí kan. Ó mu èkejì.
Ó ní, "Kò ní pa ènìyàn."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní, "Kò sì kan."

Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ létí ọmọ Ìjẹ̀bú?
Májèlé ti jáde kí kíkan tó wọlé.
Sífáwù, tí kò kọjá ìwé mẹ́rin,
ṣan abọ́ rẹ̀, ó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé:
"Àwọn tó ń mú un kan, àwọn tó ń gé májèlé,
ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n ni,
àbí ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé?"

N kò rí èsì fọ̀.
Mo tún sè ìgò oògùn ikọ́.
Mo lóṣòó sídìí àpò.
Omi ń kán, tó, tó.