Etí Ọ̀dà

Ogójì búrẹ́dì ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi,
ooru wọn ń bà mí lẹ́yìn bí ọmọ tí a pọ̀n.
Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ní Gànmọ́.
Òjò ti jẹ etí ọ̀dà wọnú,
ibi tó kù fún mi kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ọkọ̀ kan fọn fèrè lẹ́yìn mi.
Fèrè yẹn kì í ṣe “mo ń bọ̀ o”,
“kúrò níbẹ̀” ni.
Ibo ni kí n kúrò sí, ọ̀gá?
Ọ̀tún mi, kòtò.
Òsì mi, ìwọ.

Mo yà bọ́ sínú yanrìn.
Búrẹ́dì mẹ́ta yí gbiri wọ koríko.
Ìyá Múínátù á yọ ọ́ nínú owó mi.
Ó yọrí lójú fèrèsé: “Ṣé o fẹ́ kú ni?”
Ó ti lọ kí èsì tó dé ẹnu mi.

Màá purọ́ bí mo bá ní n kò ṣépè.
Mo ṣẹ́ ẹ fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
mo rántí sípíà tó wà ní búùtù,
mo fi tirẹ̀ kún un.

Ní Ọ̀fà Gàréèjì, ọkọ̀ tò
bí ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà, kò sí èyí tó ń mira.
Èmi ń gba àárín wọn kọjá jẹ́jẹ́.
Òun nìyẹn, ó fàgbọ̀n lé sítíárìn.
Ó wò mí, kò dá mi mọ̀.
Ó yí gíláàsì wálẹ̀:
“Èló ni búrẹ́dì?”

Mo tà á fún un.
Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ni.
Mo ti nu yanrìn ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀,
mo rò pé mo nù ún tán.